Abẹ́rẹ́ olóko: ibi tí ẹ ti já a ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ olóko la fẹ́ bá yín sọ lónìí, èpò tó máa ń lẹ̀ mọ́ yín láṣọ bí ẹ bá ń ti oko bọ̀.

Amẹ́ríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ti di ará ilé. Ìdílé kan náà ni òun àti ewúro àti ẹ̀bọ̀lọ̀. Ewé rẹ̀ ṣe é jẹ. Ní South Africa àti Zimbabwe, àwọn obìnrin máa ń já ọ̀mùnú rẹ̀ kí ó tó tanná, wọ́n á sè é, wọ́n á fi jẹ oúnjẹ àgbàdo. Bí ó bá korò jù, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù. Ní ti oògùn, ọ̀pọ̀ àgbà ní Áfíríkà máa ń fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, wọ́n sì ń fi ṣe àgbo ibà àti inú rírun. Àwọn kan ń kán an sójú. A kò gbà yín níyànjú ìyẹn rárá. Ọmọ tí ibà ń ṣe, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí àgbo má baà dá yín dúró.

Ṣùgbọ́n èyí tó hù láàárín òwú tàbí létí oko òwú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fi ṣe àgbo. Kí òwú tó gbó, a lè fọ́n oògùn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Oògùn tó bà lé òwú bà lé èpò ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Omi àti iyọ̀ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò tán. Ní ọdún 1999, oògùn òwú tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Borgou, kì í sì í ṣe àwọn tó ń fọ́n ọn nìkan: oúnjẹ tí oògùn náà kàn ló pa àwọn mìíràn. Ìjọba Benin ti fòfin dè é, ṣùgbọ́n èyí tó rọ́pò rẹ̀ náà kì í ṣe omi mímu.

Ẹ̀yìn ilé, níbi tó jìnnà sí òwú, ni kí ẹ ti máa já a. Nínú oko, ẹ ro ó kí ó tó so, torí èso dúdú rẹ̀ máa ń há sínú òwú, òwú onídọ̀tí a sì bọ́ sí ipò kejì lọ́jà.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń gbé pọ́ńpù, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fọ́n oògùn fún àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ. Àwọn ló ń wá ẹ̀fọ́, wọn kì í sì í mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ̀fọ́ oko, tó ń bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ má fún un ní epo tàbí wàrà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání, kí àwọn olùtọ́jú lè ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.