Ubuntu Wọlé Tán, Windows Nìkan Ló Ń Yọjú

(Orin rọlẹ̀)

Ẹ ti fi Ubuntu sórí kọ̀ǹpútà tí Windows wà tẹ́lẹ̀, ó ní òun ti parí, ẹ tan ẹ̀rọ, Windows nìkan ló yọjú. Ẹ má tíì pa ohunkóhun rẹ́ o!

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tàn: BIOS àtijọ́, àti UEFI tí ẹ̀rọ ìwòyí ń lò. Bí Windows bá gba ti UEFI, tí Ubuntu gba ti BIOS, wọn ò ní ríra wọn. Ẹ mú bírò. Ẹ fi fíláàṣì tí ẹ fi ṣiṣẹ́ náà tan ẹ̀rọ, ẹ yan Try Ubuntu, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ: ls /sys/firmware/efi. Bó bá ní kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, BIOS ni fíláàṣì yẹn gbà; ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí Windows yín bá gba ti UEFI, ẹ wọ sẹ́tìn ẹ̀rọ, ẹ pa Legacy tàbí CSM, kí ẹ wá tún fi Ubuntu sí i.

Bó bá jẹ́ UEFI ni fíláàṣì náà gbà, kò le rárá: nínú sẹ́tìn kan náà, ẹ gbé "ubuntu" ṣáájú "Windows Boot Manager".

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan sẹ́tìn, ẹ wò ó bóyá BitLocker ń ṣọ́ dísíìkì yín. Ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 kó tó jẹ́ kí Windows ṣí. Inú àkáǹtì Microsoft yín ló sábà máa ń wà. Ẹ dà á kọ sórí bébà, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà.