Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Fi Ọmọ Rọ́pò: Ìrántí Olóyè Victor Ọláìyá

 

Olóyè Victor Abímbọ́lá Ọláìyá, afọntrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì àti olórí ẹgbẹ́ olórin, ni ẹ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó dágbére fáyé ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2020, ní ẹni ọdún 89. Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló kan àwa ará Ìyánsàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Calabar, tó sì ṣiṣẹ́ l'Ékòó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹ bi àwọn àgbà tó jókòó síwájú yìí. Nígbà èwe wa, bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, tí wọ́n bá sì ti gbé ẹ̀rọ gírámófóònù síta, a mọ̀ pé Ọláìyá kò ní pẹ́ dún. Ẹni tí kò rí Èkó rí mọ ohùn trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Orin Ọláìyá dùn, gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tó ṣe láyé ni àwọn ènìyàn tó kọ́. Àwọn baba wa ní bí iná bá kú, á fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Wọ́n bí Ọláìyá ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1930. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó rí àyè gbà sí Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Orin ló yàn. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ tó bá ń ṣeré orin kiri ti sọnù. Ó gbé trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú tó ti London kó orin jáàsì àti orin ijó òyìnbó wálé. Lábẹ́ Benson ni Ọláìyá ti rí bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́. Ní 1954, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Cool Cats.

Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956, ẹgbẹ́ Ọláìyá wà lára àwọn tó ṣeré. Òun náà ló ṣeré níbi ijó òmìnira ní 1960. Ó bá Louis Armstrong, àgbà jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dúró lórí pèpéle kan náà. Ní 1963, ẹgbẹ́ rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti di All Stars, lọ sí àjọ̀dún jáàsì ní Czechoslovakia.

Ohun tó fi trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ṣe

Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló wà lára trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Ètè àti èémí ẹni tó ń fọn ọ́n ló ń ṣe ìyókù. Ọláìyá mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ni èdè Yorùbá fi ń rìn. Nítorí náà, bí ó bá kọ gbólóhùn kan tán, tó sì gbé fèrè sẹ́nu láti fọn ọ́n, ọ̀rọ̀ náà lẹ tún ń gbọ́. Bí ìyá ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú agbo ni trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara E. T. Mensah, olórin ará Ghana, ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí àpẹẹrẹ háíláìfù, irú orin tí wọ́n ń ṣe, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe àwo orin kan nígbà tó yá.

Ẹ jẹ́ n rán yín létí áńkáṣíìfù funfun rẹ̀. Bí òógùn bá ti bo ojú, á nù ún, á jù ú sókè, á fi bá àwọn oníjó ṣeré, á sì tún gbé fèrè sẹ́nu láìpàdánù ìlù. Ìrínisí rẹ̀ dùn-ún wò.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní pátákó

Ẹ wo àwọn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Fẹlá Kútì kọrin nínú Cool Cats kó tó lọ kọ́ orin ní London ní 1958. Victor Uwaifo, ọmọ Benin, bá a ṣiṣẹ́. Délé Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níhìn-ín, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó lọ po háíláìfù mọ́ jùjú. Tony Allen, tí gbogbo ayé ń pè ní àgbà onílù lónìí, igi kékeré méjì tí wọ́n ń lù mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ fún un nínú ẹgbẹ́ Ọláìyá. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ nídìí ìlù ńlá, ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé ọ̀dọ̀ Fẹlá, àwọn méjèèjì sì jọ gbé Afrobeat kalẹ̀. Tony náà kú ní Paris ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀.

Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 mú kí ọ̀pọ̀ olórin láti ìlà oòrùn fi Èkó sílẹ̀. Ẹgbẹ́ háíláìfù tú, jùjú sì gba ojú agbo. Ọláìyá kò gbé fèrè rẹ̀ jù. Ó ṣeré fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì fi oyè ológun dá a lọ́lá. Lẹ́yìn ogun, ó ń ṣeré lọ ní Stadium Hotel rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ní 2013, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun àti 2face Idibia, olórin ìgbàlódé, tún ọ̀kan nínú orin Ọláìyá àtijọ́ kọ. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde bẹ̀rẹ̀ sí í jó o.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tiwa náà kò ṣàìní orin. Comfort Ọmọ́ge, olórin wa, gbé àṣíkò, orin ìbílẹ̀ wa, dé inú àwo orin pẹ̀lú ẹ̀ka èdè wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló lè lu àṣíkò lónìí? Àwọn àgbà tó mọ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ra ohun èlò orin, kí wọ́n sì pe àwọn onílù ìlú wá kọ́ ọmọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ olórin àti ọjọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó bá sì ní àwo orin àtijọ́ nínú àpótí má ṣe jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.

Olórí ẹgbẹ́ tó bá fi àyè sílẹ̀ fún ọmọdé ti ṣe iṣẹ́ tí ikú kò lè bà jẹ́. Ọláìyá ṣe tirẹ̀ l'Ékòó. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa ní Ìyánsàn.