Àgbàṣe, Ọ̀yà àti Owó Oṣù: Bí A Ṣe Ń Dá Iye Lé Iṣẹ́ Ọwọ́ Ènìyàn

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni yóò wá sọ̀rọ̀ nípa owó ọ̀yà ní Alákíà níbí. Ìdáhùn mi ni pé inú ọ̀rọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi ń pe iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe fún ẹlòmíràn sì ti sọ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́rin nínú wọn. Àáró ni pé kí n bá ọ ro oko lónìí, kí ìwọ náà bá mi ro tèmi lọ́la. Iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni pé kí ènìyàn ké sí ará àti ọ̀rẹ́ fún iṣẹ́ ńlá kan, kí ó sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ìwọ̀fà yàtọ̀. Ẹni tí ó yáwó ni ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀, tàbí ti ọmọ rẹ̀, dípò èlé. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó, owó tí ó yá kò dín. Ẹ̀kẹrin ni àgbàṣe. Ẹ tú u wò: gbà, ṣe. Mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́ ‘gbà’ yẹn, nítorí ẹni tí ó lè gbà ni ó lè kọ̀. Ìwọ̀fà kò lè kọ̀. Alágbàṣe lè kọ̀. Lójú tèmi, ibi tí agbára àtikọ̀ yìí bá ga dé ni owó ọ̀yà ń ga dé.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé a máa sọ pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí òṣìṣẹ́ kò pọ̀, owó ọ̀yà a gòkè. Bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, a wálẹ̀. Òtítọ́ ni. Gbogbo àgbẹ̀ Ẹgbẹ́dá ni ó mọ̀ pé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí gbogbo oko ń fẹ́ ebè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ń kọ igba ebè kì í gba iye tí ó gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀.

Mo kéré nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń gba àgbàṣe lọ́wọ́ baba mi lọ́dọọdún. Lọ́dún kan ó wá, ó gbọ́ iye tí baba mi fẹ́ san, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, wọ́n ń gbani síṣẹ́ lójú ọ̀nà.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Inú bí ìyá mi. Baba mi ní, “Má bú u. Kì í ṣe pé ó kórìíra wa, ibòmíràn ni ó ṣílẹ̀kùn fún un.” Àwa ọmọ ni a ro oko náà lọ́dún náà, ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé.

Baba mi kò sì lè fi kún owó náà, nítorí kì í ṣe òun ni ó ń dá iye lé kòkó rẹ̀. Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù, tí ìjọba fòpin sí ní 1986, ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn iye kòkó yìí, pẹ̀lú owó orí, wà lára ohun tí ó lé àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa wọ ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Údójì ní 1975, ọjà gbówó lórí. Àgbẹ̀ kò gba Údójì, ṣùgbọ́n alágbàṣe rẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí.

Àwọn olówó-oṣù ní ọ̀nà tiwọn láti kọ̀: ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n ṣe é ní 1945, wọ́n ṣe é ní 1964. Ní 1981 wọ́n tún ṣe é, owó oṣù tí ó kéré jù lọ sì di ₦125. Ní 2019 ó di ₦30,000, ní oṣù Keje ọdún 2024 ó di ₦70,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka òfin 2019 náà dé ìsàlẹ̀. Ó yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó yọ àwọn tí a ń sanwó fún gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ó sì yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ìgbà dé ìgbà, bí iṣẹ́ oko. Àtúnṣe 2024 fi kún owó, ó sì dín ọdún àtúnyẹ̀wò kù láti márùn-ún sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò mú wọn wọlé. Ẹni tí ń kọ igba ebè ní Ẹgbẹ́dá kò sí nínú òfin náà rárá.

Ẹ jáde sí oríta wa ní kùtùkùtù. Ẹ ó rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò gbà wọ́n fún iṣẹ́ òòjọ́. Mo ti dúró tì wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ̀ kan dé, wọ́n dárúkọ iye kan. Ẹni tí ó ní ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ ní owó náà kéré, ó padà sẹ́yìn. Ẹni tí onílé ń dúró dè wọ inú ọkọ̀. Agbára wọn dọ́gba, ṣọ́bìrì wọn dọ́gba. Iye tí ẹni tí kò lè kọ̀ bá gbà ni ó sì ń di iye gbogbo wọn kí oòrùn tó mú. (Èmi náà mọ ìwúlò ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ Yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, èyí tí mo gbìn sẹ́yìn ilé ni a ń jẹ.)

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ní Alákíà nìyí. Ilẹ̀ tí a fi ń ṣọ̀gbìn ti di ilẹ̀ ilé. Ilé tí wọ́n ń kọ́ ni ó ń fún àwọn ọ̀dọ́ yìí níṣẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé ni ó ń fún àwọn baba wọn lágbára láti kọ iṣẹ́. Mo bi ọ̀kan nínú wọn níbi tí oko baba rẹ̀ wà. Ó fi ṣọ́bìrì nàka sí òdì kejì títì, sí ilé alájà méjì kan. Ó ní òun wà lára àwọn tí wọ́n po kọnkéré rẹ̀.

Bíríkìlà àti káfíńtà ní ẹgbẹ́ tí ń fi owó òòjọ́ lélẹ̀, ẹni tí ó bá gbà dín sí i mọ̀ pé òun yóò jẹ́jọ́. Lébìrà tí ń bá wọn po sìmẹ́ńtì ń kọ́? Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bíríkìlà wà lórí ìjókòó lónìí. Kí n tó jókòó, mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí ọ̀kan nínú wọn dìde, kí ó sọ fún wa bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tiwọn, àti ohun tí wọ́n ṣe sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà dín.