Okùn Kíbọ́ọ̀dù Tí Ó Já Kì í Ṣe Gbèsè Òṣìṣẹ́



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè kéré lójú, ṣùgbọ́n owó oṣù wà nínú rẹ̀. Bí okùn kíbọ́ọ̀dù bá bàjẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀gá mìíràn a ní òun yóò yọ owó rẹ̀. Kí ẹ tó gbà, ẹ mọ ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí ó bà á jẹ́.

Wáyà mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà nínú okùn kíbọ́ọ̀dù USB. Pupa ń gbé iná volt 5 wọlé, dúdú ń dá a padà, funfun àti aláwọ̀ ewé ń gbé ohun tí a tẹ̀. Ìdí orí okùn àti ibi tí ó ti wọ inú kíbọ́ọ̀dù ni ó máa ń já jù, nítorí ibẹ̀ ni ó ń ká lójoojúmọ́. Ìlò ni ó ń já a.

Ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì rọra mi okùn náà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ tí ó tún ń dákẹ́, wáyà ti já nínú. Bí orí okùn bá jẹ́ roboto, irú PS/2 àtijọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fà á yọ.

Fún àtúnṣe, ẹ yọ okùn kúrò lára kọ̀ǹpútà, ẹ gé ibi tí ó bàjẹ́ sọnù, ẹ so wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọ̀ tirẹ̀, ẹ fi òjé jó o, ẹ sì fi téèpù wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí wọn má baà kanra. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: bí owó àtúnṣe bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun, kí ilé iṣẹ́ ra tuntun.

Ṣùgbọ́n a kì í rà á láìwo ibi iṣẹ́. Ní àdúgbò bíi Dar-es-Salam ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ̀wé, kíbọ́ọ̀dù AZERTY ni wọ́n ń lò; A wà níbi tí Q wà lórí tiwa. Bí ará ilé bá fi èyí tí wọ́n ń tà l'Ékòó ránṣẹ́ sí ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣìnà. Àtúnṣe okùn sàn fún un.

Ta ni yóò sanwó? Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 kọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó fi àìbìkítà bà á jẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àdéhùn 95 ti àjọ ILO, ti 1949, náà kò gba ìyọwó tí òfin tàbí àdéhùn ẹgbẹ́ kò là sílẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí okùn bá já, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ náà, ẹ̀rọ náà, ibi tí ó ti já. Ẹ fi ọ̀kan fún ọ̀gá, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ fún aṣojú ẹgbẹ́. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ìyọwó kankan kí ẹ tó rí i. Ohun èlò ni ó gbó. Òṣìṣẹ́ kò jẹ gbèsè.