Kí A Wo Òjìji Kí A Tó Gbé Ara Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Agric, Ìkòròdú

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ń jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi etí sí wa títí dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ iyì wa sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí olúkúlùkù wa mọ̀. Kò sí aránṣọ kan ní Agric, tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, tí yóò kàn ti àlùmọ́gàjí bọ aṣọ oníbàárà. Yóò tẹ́ aṣọ náà, yóò gbé bébà tí ó ti gé ní ìwọ̀n apá àti ọrùn lé e lórí, yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, títí yóò fi rí i pé aṣọ tó. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni káfíńtà tí ń kan ọkọ̀ ní etí ọ̀sà: yóò fi pákó wé ara egungun ọkọ̀ ná, kí ó tó kan ìṣó mọ́ ọn. Àwọn baba wa wí pé, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Aṣọ tí a ti gé kò ṣe é dá padà. Irin tí iná ti gé kò ṣe é so kí ó má ní àpá.

Yíya iṣẹ́ sórí bébà kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní ọdún 1890 ni Herbert Macaulay lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó padà sí Èkó ní 1893, ó sì ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀ fún ìjọba. Rúlà, pẹ́ńsù àti yíǹkì ni irinṣẹ́ ìgbà náà. Bí àwọn ayàwòrán bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ kan yóò dúró sí nínú ilé iṣẹ́, wọn a máa gé bébà kékeré ní ìwọ̀n ẹ̀rọ náà, wọn a sì máa tì í káàkiri lórí àwòrán. Bébà aránṣọ náà ni, ó kàn wọ ilé ayàwòrán ni.

Nígbà tí ó di 1963, Ivan Sutherland, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ènìyàn lè ya iṣẹ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, kí ó ya ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi púpọ̀. Ní 1982 ni ètò AutoCAD jáde fún àwọn kọ̀ǹpútà kékeré. Ní 1986 ó gba èdè kan tí a ń pè ní AutoLISP, èyí tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè fi kọ àṣẹ tirẹ̀. Àkópọ̀ àṣẹ bẹ́ẹ̀, tí a kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń pè nígbàkígbà tí a bá fẹ́, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní máákírò.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Máákírò tí ọ̀lẹ kọ a máa béèrè pé, níbo ni kí n gbé e sí? Bí a bá sì ti tọ́ka síbì kan, yóò sọ ẹ̀yà náà lulẹ̀ gbì. Bí kò bá bọ́ sípò, a ó pa á rẹ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ afọ́jú nìyẹn. Máákírò tí ọlọgbọ́n kọ a máa fi òjìji hàn ná.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. A ti ya ẹ̀yà náà tẹ́lẹ̀, a ti sọ ọ́ ní orúkọ, a sì ti yan ojú kan lára rẹ̀ tí a ó fi máa gbé e, bí ìgbà tí a di etí ìkòkò mú. Máákírò yóò bi wá ní ẹ̀yà tí a ń fẹ́ àti ibi tí a fẹ́ kí ó dojú kọ. Láti ìgbà náà ni yóò ti máa ṣọ́ máùsì láìsinmi. Ibi tí máùsì bá wà, ibẹ̀ ni yóò fa ìlà àyíká ẹ̀yà náà sí. Bí máùsì bá sún, yóò pa ìlà àtijọ́ rẹ́, yóò fa òmíràn. Ìlà yìí kò tí ì di ara àwòrán; òjìji ni. Bí ó bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó tẹ máùsì, ara yóò sì bọ́ sí ipò òjìji rẹ̀. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó fagi lé e, yóò sì parẹ́ láì fi àpá sílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ṣe tí a kò gbé odindi ẹ̀yà náà káàkiri? Ìdí ni pé gééètì olódòdó kan lè ní ẹgbẹ̀rún ìlà nínú. Bí kọ̀ǹpútà bá ní láti tún gbogbo rẹ̀ yà ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá mì, yóò máa wọ́ bí ìgbín. Ìlà àyíká fúyẹ́, ó sì tó fún ojú láti fi ṣe ìdájọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn. Irin pẹlẹbẹ kan gùn ní mílímítà 2440, ó sì fẹ̀ ní 1220. Ajórin kan fẹ́ gé ojú fèrèsé láti inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 800 sí 600. Bí ó bá to 800 sí apá gígùn irin, mẹ́ta ni yóò tò níbẹ̀, méjì ní ìbú, 6 ni yóò rí gé. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí wọn, tí ó to 600 sí apá gígùn, mẹ́rin ni yóò tò, ẹyọ kan ní ìbú, 4 péré ni yóò rí. Ìyókù yóò di àfọ́kù irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Irin kan náà ni, owó kan náà ni. Ẹni tí ó rí òjìji lójú kọ̀ǹpútà yóò mọ èyí kí iná tó kan irin.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi òjìji tan ara wa. Ìlà àyíká kì í fi ihò tí ó wà nínú hàn, kì í fi bí irin ti nípọn tó hàn, kì í sì í ka ìwọ̀nba tí ayùn tàbí iná yóò jẹ. Nínú àpẹẹrẹ wa, mílímítà 40 ni ó ṣẹ́kù ní gígùn, 20 ní ìbú. Láti inú rẹ̀ ni iná yóò ti jẹun. Ẹni tí ń kọ máákírò ni yóò rántí fi àyè náà sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi wí pé ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà nìkan kò tó. Ó yẹ kí ó jókòó ti ajórin àti káfíńtà.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Ìbéèrè tí máákírò ń bi oníṣẹ́, ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó yan èdè rẹ̀. Ètò FreeCAD, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní oṣù kọkànlá 2024, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èdè Python ni a fi ń kọ máákírò rẹ̀, Python sì gba lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ní kí ọmọ iṣẹ́ ajórin máa ka ìbéèrè ní èdè tí kò yé e yékéyéké, nígbà tí a lè kọ ọ́ pé: Ẹ̀yà wo? Ṣé kí n yí i? Ṣé kí n gbé e kalẹ̀? Ẹni tí ń lo irinṣẹ́ ẹlòmíràn títí ayé, ọmọọ̀dọ̀ ni. Ẹni tí ó lè tún un ṣe ní èdè rẹ̀ ti di ọ̀gá.

Ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí wa. Políté̩kíníìkì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkòròdú di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2022; Yaba College of Technology sì ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ń jó irin ní ẹ̀bá títì kì í wọ ẹnu ọ̀nà wọn. Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìjòyè àti ọlọ́lá: kí ìlú kọ̀ọ̀kan ra kọ̀ǹpútà kan, ó kéré tán, sí ibi tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pàdé, kí a sì rọ àwọn ọmọ wa tí ó ti kàwé láti wá kọ máákírò níbẹ̀ ní èdè Yorùbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀gá tí ó mọ irin àti pákó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kí iṣẹ́ ọwọ́ wa má ṣe bàjẹ́ o.