Bí Ọkọ̀ Bá Kọṣẹ́ Lẹ́yìn Ẹnubodè

Ìsinmi ọdún ti ń súnmọ́, mo sì gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ wakọ̀ lọ gbafẹ́ ní Kútọnu tàbí Lomé. Ó dára. Àwọn ará Èjìgbò tó múlé gbè wá ti ń gba ọ̀nà yẹn lọ sí Abidjan kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àwa mẹ́ta gbéra láti Olúpọ̀nnà nínú Peugeot 504 mi, ó di Lomé. A kọjá Sẹ̀mẹ̀, a kọjá Kútọnu, a kọjá Ouidah. Ó kù díẹ̀ kí a dé Comè ni mo rí i pé abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí ti lọ sókè pátápátá. Ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù: mo ní kí a máa rọra lọ, pé a ó dúró bí a bá wọ ìlú. Fáànùbẹ́ẹ̀tì ló ti já. Òun ló ń yí pọ́ǹpù omi. Bí kò bá sí i, omi rédíétọ̀ kò ní lọ yí ẹ́ńjìnnì ká mọ́. Ká ní mo dúró lójú ẹsẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀tì nìkan ni à bá rà. Ìwọ̀nba ìrìn tí mo fi kún un ló jó gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Èéfín funfun bò wá, ọkọ̀ sì kú.

A tì í kúrò lójú títì, a gbé àmì pupa onígun mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. Èdè wa kò ta létí àwọn ará ibẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ kan lẹ́bàá ọ̀nà ló gbọ́ ohùn wa, ọmọ Kétu ni. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló ṣe ọkọ̀ yín?” A dọ̀bálẹ̀ fún un. Òun ló kọ́ wa pé “panne” ni kí a máa sọ, òun náà ló ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ọmọkùnrin náà mọ 504 bí ẹni mowó. Ọkọ̀ Faransé ló kúkú jẹ́. Ṣùgbọ́n Kútọnu ni a ó ti ra gásíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ náà ni wọn ó ti fi ẹ̀rọ tẹ́ orí ẹ́ńjìnnì. Ó ní yóò gbà tó ọjọ́ márùn-ún.

Owó ṣeé yá, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ ni kò ṣeé yá. Ìwé tí àwọn aṣọ́bodè fún ọkọ̀ mi ku ọjọ́ méjì. Ìsinmi mi náà ń lọ sópin.

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gba ọkọ̀ ara ẹni láàyè fún 90 ọjọ́ ní ilẹ̀ kejì, bí ìwé rẹ̀ bá pé. Ti ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù kò ju ọjọ́ 15 lọ, kò sì gbọdọ̀ ṣòwò láàárín ìlú wọn. Ẹ̀yin ará gáréèjì, ẹ fi sọ́kàn. Síbẹ̀, iye ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sórí ìwé yín ni kí ẹ máa kà. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo gun ọ̀kadà wọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan lọ bá àwọn aṣọ́bodè kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n fi ọjọ́ kún un, wọ́n sì lu òǹtẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní kí a ta ọkọ̀ náà fún ẹnì kan tó ń ná an. Mo kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ mi ló fi wọ ilẹ̀ wọn. Bí kò bá jáde, ta ni wọn ó bi? Ẹ má sì gbójú lé Brown Card ECOWAS, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnu lọ́dún 1982. Dandan ni kí ẹ ní in, ṣùgbọ́n jàǹbá tí ẹ bá ṣe fún ẹlòmíràn ló wà fún. Kò ní bá yín tún ẹ́ńjìnnì ṣe.

Ní ti iṣẹ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ kú gan-an ni mo ti fóònù akọ̀wé ẹ̀ka wa, ó sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n fẹ́ gé owó ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a kó lẹ́tà mẹkáníìkì àti ìwé olóǹtẹ̀ síwájú wọn, owó ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n gé. Mo ti rí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irú èyí, kì í ṣe pé ó purọ́, kò kàn ní ìwé tí yóò fi hàn ni.

A kò dé Lomé. Òru ni a wọ Olúpọ̀nnà, àwọn ará ilé ti ń wá wa kiri. Fáànùbẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lábẹ́ àga mi báyìí.