Àrùn Foníkú-fọ̀ladìde



Ọ̀rọ̀ àrùn foníkú-fọ̀ladìde ni mo bá wá. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni eegun fi ń ro ọmọ bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Lónìí ọmọ ń ṣeré, lọ́la ó wà lórí ẹní. Láyé àtijọ́, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú, tí àbúrò rẹ̀ tún kú, àwọn àgbà a ní àbíkú ni. Wọn kò mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le koko. Ṣùgbọ́n nínú oyún kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀nà kan ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS.

Ní ọdún 1986, àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi hàn pé pẹnisílínì ojoojúmọ́ ń gba ọmọ SS lọ́wọ́ kòkòrò tí ó máa ń yára pa á. Láti ọdún 2006, gbogbo ìpínlẹ̀ wọn ni ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ SS ibẹ̀ ń dàgbà.

Níhìn-ín ńkọ́? Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù ní gbogbo ayé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọ́n ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 5, a kò sì mọ ohun tí ó pa wọ́n.

Oògùn kan wà tí ń jẹ́ hydroxyurea. Ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ó di ọdún 2018 kí ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Kóńgò àti Àǹgólà tó jáde, tí ó fi hàn pé ó dára fún ọmọ tiwa náà. Ìrora wọn dín kù, ibà dín kù, ikú dín kù. Ogún ọdún gbáko!

Ní oṣù December 2023, Amẹ́ríkà tún fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan, Casgevy. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là fún ẹnìkan. Ta ni nínú wa ni yóò san án?

Ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe pé oògùn kò sí. Ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni kò là. Pẹnisílínì kì í ṣe wúrà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe idán.

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìyàwó, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ fi ojú ara yín ka lẹ́tà méjì tí ó wà lórí ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Bí kánsẹ́lọ̀ bá sì wá tọrọ ìbò, ẹ bi í pé: "Pẹnisílínì àwọn ọmọ wa dà?"

Ẹni tí kò bá béèrè kì í rí gbà.